"Ara Le" Tí Rauf Kọ Sílẹ̀

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀-Àràbà ní Ọ̀tà, tí ẹ bèèrè Rauf, wọ́n á bi yín pé, "Rauf káńsù àbí Rauf télọ̀?" Rauf káńsù ni tiwa. Ọkùnrin gíga kan tí kì í pariwo, tí báírò kì í kúrò lápò àyà rẹ̀. Kò jalè rí, kò bú àgbà rí. Kódà, ìtẹríba rẹ̀ ló kó bá a. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìtẹríba a máa kó bá èèyàn.

Ilé iṣẹ́ ọ̀rá ní Sàngó ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nígbà tó jáde ìwé mẹ́wàá. Ọ̀gá kan rí bí ó ṣe ń kọ̀wé dáadáa, ó ní irú ọwọ́ yìí kò yẹ kó máa gbé àpò. Bó ṣe dé káńsù nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ó sì ń retí ìgbéga lọ́dún náà gan-an.

Ní àkókò tí mò ń wí yìí, Ọ̀tà ń wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sínú omi. Láti Sàngó títí wọ ọ̀nà Ìdíròkò, ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ, fásitì ń yọ, ilé iṣẹ́ ń yọ láàárín wọn. Àlejò ń dé tọmọtọmọ. Àwọn ọmọ onílùú náà ríṣẹ́: àwọn kan ń gbálẹ̀ ní fásitì, àwọn kan ń se oúnjẹ fún akẹ́kọ̀ọ́, àwọn kan ń wa bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí Àgbárá. Ó dára, ó dára. Àmọ́ ilé ṣófo. Bí ẹ bá gba àárín agboolé kọjá lọ́sàn-án, àwọn arúgbó nìkan lẹ máa bá níwájú ilé, tí wọ́n ń dáhùn ìkíni ẹni tí wọn ò rí dáadáa.

Káńsù ní àwọn fẹ́ ṣètò fún wọn. Wọ́n máa kọ́ ilé kan tí nọ́ọ̀sì á máa wà lójoojúmọ́, tí ẹ̀rọ omi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì fi kọnkéré bo gọ́tà níwájú ilé gbogbo arúgbó tí kò lè fò ó mọ́. Àdúgbò kan péré ni agbára wọn ká. Àdúgbò tí àwọn arúgbó rẹ̀ bá nílò ìrànlọ́wọ́ jù lọ ni wọ́n máa mú. Wọ́n wá há fọ́ọ̀mù fún àwọn akọ̀wé pé kí wọ́n máa wọlé dé ilé. Rauf gba Ìsàlẹ̀-Àràbà nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Títílọlá, ìyàwó pásítọ̀ kan tó ti Iléṣà wá, gba àdúgbò àwọn àlejò ní ọ̀nà Àtàn.

Ìbéèrè pàtàkì kan ló wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn: ṣé ara ẹni yìí le tó láti ṣe nǹkan fúnra rẹ̀? Ibi méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ láti máàkì. Ọ̀kan ní "Ara le." Ìkejì ní "Ó nílò ìrànlọ́wọ́."

Rauf bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá dé ilé kan, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ kú ilé o, Bàbá. Ṣé ara le?"

"Ara ò ní ṣe kó má le? Alihamudulilahi."

Rauf á máàkì "Ara le," ó di ilé kejì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ni kò mọ̀ pé ìkíni lásán nìyẹn? Ẹni tí ikọ́ ń pa lọ, bí ẹ bá kí i, á ní ara le. Ẹni tí kò tíì jẹun láti àná á ní òun ń dúpẹ́. A kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn. Rauf mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Àmọ́ báwo ló ṣe fẹ́ wo ojú àgbàlagbà tó ti nà án ní kékeré, kó ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń tọ̀ sára?" Ojú tì í. Ó jẹ́ kí wọ́n dáhùn bí àgbà, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọmọ dáadáa.

Ilé Ìyá Jìbírílù ló fi ṣe ìkẹyìn. Kàfáyá lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Màámi ni Rauf ń pè wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Rauf nígbà tí ìyá tó bí i kú, àwọn ni wọ́n sì gbé e pọ̀n, wọ́n tọ́ òun àti Jìbírílù ọmọ inú wọn pọ̀. Jìbírílù ti di awakọ̀ òṣìṣẹ́ báyìí. Ó ń jáde lọ sí Àgbárá kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó wọlé.

"Ta nìyẹn?" Màámi bèèrè. Rauf sì rèé níwájú wọn gbagidi, nínú oòrùn.

"Èmi ni, Màámi. Rauf ni."

"Háà, Àjàní mi! Jókòó. Jẹ́ kí n bu omi fún ọ."

"Ẹ má ṣe ìyọnu, Màámi."

"Mo ní jókòó." Wọ́n dìde, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ ògiri lọ. Wọ́n wá ife títí wọ́n fi rí i. Nígbà tí wọ́n ń da omi sí i, ìdajì rẹ̀ ló dà sílẹ̀, ó ń ṣàn lọ sábẹ́ àga. Rauf rí i. Ó rí ojú egbò lójúgun wọn pẹ̀lú, irú èyí tí pákó ẹnu gọ́tà máa ń dá síni lára. Ó gba omi, ó mu ún, ó dúpẹ́.

"Màámi, káńsù ló rán wa. Ṣé ara le?"

"Ara le bí ọta, ọmọ mi. Ọlọ́run ò fi wá sílẹ̀."

Báírò dúró lórí bébà. Ó fẹ́ máàkì ìkejì, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ lójú rẹ̀, ṣe ló dà bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ àìsàn mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Ìyá ní ara le, ta lọmọ tó máa ní kò le? Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé báírò sókè. Nígbà tó yá, ó máàkì "Ara le," ó ká fọ́ọ̀mù, ó tún dọ̀bálẹ̀ kó tó jáde.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ka èsì ní ọ́fíìsì, ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, gbé bébà Rauf dání, ó ń mi orí. "Arúgbó mẹ́tàléláàádọ́rin, mẹ́fà péré ló nílò ìrànlọ́wọ́! Rauf, kí lẹ̀ ń jẹ ní Ìsàlẹ̀-Àràbà? Ẹ fún àwa náà jẹ." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Ó kan Títílọlá. Àádọ́ta arúgbó ló kà, méjìlélógójì ló ní wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Ọ̀gá bi í pé báwo ló ṣe rí òótọ́ gbọ́ lẹ́nu wọn, nítorí pé àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ náà kì í fẹnu pe àìsàn. Wọ́n á ní àwọn ti gba ìwòsàn lórúkọ Jésù.

"Mi ò bi wọ́n o, ọ̀gá," ni Títílọlá wí. "Bí wọ́n bá ti ní àwọn ti gba ìwòsàn, màá ṣe àmín. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, màá wá máa wo bí wọ́n ṣe ń dìde."

Omi tó dà sílẹ̀ lábẹ́ àga ni Rauf ń rí. Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó sọ̀rọ̀. Gbólóhùn kan péré ni: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n lọ tún tèmi kà." Ṣùgbọ́n wọn ò tíì rẹ́rìn-ín tán, ìgbéga sì ń bọ̀, ni òun náà bá bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá bi mí, ẹ̀rín yẹn burú ju báírò lọ. Wọ́n fọwọ́ sí i lójú rẹ̀, ilé nọ́ọ̀sì àti kọnkéré kọjá sí ọ̀nà Àtàn.

Òjò oṣù kẹfà dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, Màámi ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé pákó ẹnu gọ́tà. Ọ̀gbàrá ti sún pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó ríran ì bá rí i. Wọ́n já sínú gọ́tà, wọ́n sì ké títí, kò sẹ́ni nílé tó máa gbọ́, gbogbo ọmọ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ràbíátù tó ń ta ọṣẹ ní ìkóríta ló rí ìborùn wọn tí omi ń gbé lọ, òun ló sáré wá wò ó.

Ní ọsibítù, dókítà ní egungun ìbàdí ti ṣẹ́, kò jọ pé wọ́n á fi ẹsẹ̀ yẹn rìn mọ́. Ó tún ní ojú wọn méjèèjì ti kú tipẹ́, ó ti tó ọdún méjì. "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé ni?"

Jìbírílù bú sẹ́kún. Ó ní òkùnkùn lòun máa ń bá ìyá òun pàdé, òun ò mọ̀, Ọlọ́run mọ̀ pé òun ò mọ̀. Ó dì mọ́ Rauf, ó ní, "O ṣeun tó o wá, arákùnrin mi." Ó ṣe Rauf bíi kí ilẹ̀ lanu gbé e mì.

Láti ọjọ́ náà, Rauf ò lè jẹun mọ́. Mùíbátù ìyàwó rẹ̀ se gbogbo ohun tó mọ̀ ọ́n sè, ó máa ń gbé e kúrò bó ṣe gbé e sílẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i lójú ọ̀nà pé ṣé ara le, ńṣe ni á yára kọjá lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án, ó wọlé tọ Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀.

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Wọ́n ti kan òrùlé ilé yẹn, Rauf. A ò lè tú u. Ó di ọdún mẹ́ta kí ètò tó tún yí kàn yín. Kọnkéré márùn-ún péré ló ṣẹ́kù. Bó o bá fẹ́ ẹ, fọwọ́ ara rẹ kọ ohun tó o ṣe, kó o sì fọwọ́ sí i. Àmọ́ gbàgbé ìgbéga."

Rauf kọ ọ́, ojú ewé méjì. Wọ́n fún un ní kúẹ́rì. Ìgbéga bómi lọ. Ó padà gba fọ́ọ̀mù tuntun, ó sì tún Ìsàlẹ̀-Àràbà kà nítorí ètò ọdún kẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń jókòó pẹ́, ó ń ní kí wọ́n sin òun dé ẹnu ọ̀nà. Ìkẹtàdínlógún tó kà, ó ní láti dúró lẹ́yìn ilé kan kó nu ojú. Gbogbo ilé ló kà tán, àfi ilé Màámi.

Kọnkéré márùn-ún dé. Wọ́n fi ọ̀kan síwájú ilé Màámi. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí, olórí agboolé, ní kí wọ́n pe Rauf wá, wọ́n sì wúre fún un lójú gbogbo èèyàn. "Ọmọ tó rántí ilé! Ìwọ náà á dàgbà, wàá rẹ́ni tọ́jú ẹ o." Àwọn obìnrin ń ṣe àmín. Rauf dorí kodò. "Ẹ wò ó bójú ṣe ń tì í," ni wọ́n ń wí, "ọmọ dáadáa ni." Ìyìn yẹn dùn ún wọra ju kúẹ́rì lọ. Ó yọ́ kúrò láàárín wọn, ó wọ yàrá lọ bá Màámi.

Wọ́n wà lórí ibùsùn, wọ́n kọjú sí fèrèsé tí wọn ò lè rí ìta rẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Rauf ni, Màámi."

"Àjàní mi. Mo gbọ́ àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún ọ. Ṣé ara le?"

Ìdáhùn ti dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Ara ò le, Màámi." Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Mo ti ṣẹ̀ yín. Lọ́jọ́ tí mo mú fọ́ọ̀mù wá, mo rí omi tó ń dà sílẹ̀. Mo rí egbò ẹsẹ̀ yín. Mo mọ̀ pé ẹ ò ríran, mo sì kọ ọ́ pé ara yín le."

Ọwọ́ Màámi ń ká etí aṣọ ìbora pọ̀, ó ń tú u.

"Èmi ni mo sọ pé ara le," ni wọ́n wí.

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ojú ń ti àgbà náà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ dìde lọ bu omi yẹn ni, Àjàní. Mo ní bó o bá ti rí mi tí mò ń bu ún, o ò ní bi mí mọ́."

Rauf sunkún bí ọmọdé. Màámi ò ní kó dákẹ́. Wọ́n jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn.

"Ṣé bébà yẹn wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà, Màámi."

"Mú báírò. Kàfáyá ni kó o kọ, má kọ Ìyá Jìbírílù. Ojú méjèèjì ò ríran. Ẹsẹ̀ ò rìn. Mo máa ń tọ̀ sórí ẹní kí Jìbírílù tó dé. Ṣé ò ń kọ ọ́?"

"Mò ń kọ ọ́, Màámi."

"Ẹ̀rù máa ń bà mí bí gbogbo wọn bá ti jáde lọ. Kọ ìyẹn náà."

Wọn ò fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rù nínú fọ́ọ̀mù náà. Rauf yí bébà sẹ́yìn, ó kọ ọ́ síbẹ̀.