Dòdò Tó Dé Kyoto

Tí mo bá rí ẹni tó ń fi áńkáṣíìfù nu àga kó tó jókòó, àbúrò mi ọkùnrin ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Tíṣà ni ní Apòmù. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò ní Kyoto, ní Japan, nígbà tí àwọn tíṣà ibẹ̀ pè é, ṣùgbọ́n látìgbà tó ti dé, kò sí àga tó mọ́ lójú rẹ̀ mọ́ nílé ìyá wa ní Ìkirè. Ó máa ń sọ pé, "Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ wọn mọ́ ju abọ́ tiwa lọ."

Lọ́jọ́ iléyá, ó ń fi fọ́tò inú fóònù rẹ̀ han àwọn àlejò: tẹ́ḿpìlì tí wọ́n fi góòlù bò, ààfin àwọn ọba àtijọ́, ọgbà tí òkúta nìkan wà nínú rẹ̀. Ìyá wa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń di dòdò sínú ewé.

Ó ní, "Kò síbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí nígboro wọn. Dòdò tí Màmá dì fún mi, mo gbé e láti tẹ́ḿpìlì dé ààfin, mi ò ríbi jù ú sí. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti wá dà á nù."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín.

Ìyá wa ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ìwọ kọ́ ni mo dín in fún. Mo ní kí o fún àwọn tó gbà ọ́ lálejò."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé mi nílùú ni?"

Àwọn àlejò tún rẹ́rìn-ín. Ìyá wa wá wojú mi. Èmi ni àkọ́bí, èmi ló yẹ kí n pa á lẹ́nu mọ́.

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.