Mẹ́dàlì Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n Inú Kúlà Uncle Fọláhàn

Gbogbo ẹni tó mọ Uncle Fọláhàn ní Thamesmead nílùú òyìnbó ló máa ń sọ ìtàn ọjà gbàǹjo, ọ̀pọ̀ wọn ni kì í sì í sọ ọ́ pé. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Nínú gbọ̀ngàn kan ní Woolwich, wọ́n gbé mẹ́dàlì fàdákà kan síta, èyí tí wọ́n fi ta ẹnì kan lọ́rẹ ní bíi àádóje ọdún sẹ́yìn nítorí pé ó mọ ìbọn yìn jù níbi ìdíje kan ní Switzerland. Ẹni tó ń lu gbàǹjo ní ọgọ́ta pọ́ùn. Uncle nawọ́, ó ní ogójì. Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé òkè ni owó máa ń lọ níbí, kì í wálẹ̀. Uncle ní òun gbọ́; òun á fi márùn-ún lé e.

Nígbà tí ọkùnrin náà yíjú sí àwọn mìíràn, Uncle ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó mọ ọjà á ná máa ń ṣe: ó kẹ̀yìn, ó rọra ń lọ sí ẹnu ọ̀nà kí wọ́n lè pè é padà. Kò sẹ́ni tó pè é. Ó dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má lọ jẹ́ pé wọ́n pè é tí kò gbọ́. Òyìnbó arúgbó kan ló ra mẹ́dàlì náà. Uncle tẹ̀ lé e wọ bọ́ọ̀sì, ó jókòó tì í, ó kí i kú ọjà, ó sì bi í pé èló ni jálẹ̀. Kí wọ́n tó dé Thamesmead, òyìnbó ti tà á fún un ní márùndínláàádọ́ta, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Olúbùsọ́lá, ọmọ àbúrò Uncle, kò mọ ibi tó máa gba ọ̀rọ̀ mẹ́dàlì yìí sí. Ìbàdàn ló ti wá ṣiṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó, ó sì kọ́kọ́ gbé lọ́dọ̀ Uncle nítòsí adágún Southmere. Ọdún mọ́kànlélógún ni Uncle fi ṣe wọ́dà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Belmarsh. Kò yìnbọn rí. Kò dé Switzerland rí. Síbẹ̀, mẹ́dàlì ìbọn yínyìn bẹ́ẹ̀ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló kó sínú kúlà ìrẹsì ńlá kan. Àlejò tí ebi ń pa tó bá ṣí i, orí òyìnbó onírùngbọ̀n lára fàdákà ló máa bá níbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, Uncle lẹ mọ́kànlá mọ́ kóòtù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ Obed, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, pè é síwájú, ó ní kó sọ fún ìjọ ogun tó jà. Uncle ní kò sógun, àwọn ará Switzerland kì í jagun. Pásítọ̀ bi í pé ta ni wọ́n wá yìnbọn lù. Ó ní bébà ni. Pásítọ̀ wo mẹ́dàlì, ó wo ìjọ, ó wá gbàdúrà pé kí ọ̀tá yìí, ohun yòówù kó jẹ́, má lè gbérí mọ́.

Nígbà tí àìsàn ọkàn dé, dókítà ní kí Uncle jókòó sílé. Olúbùsọ́lá, tó ti gba yàrá tirẹ̀ ní Thamesmead East, wá wò ó lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì bá kóòtù Uncle tó rin gbingbin: ó ti gba inú òjò lọ wo mẹ́dàlì mìíràn ní Woolwich. Inú bí ọmọ náà.

“Uncle, ẹ ò yìnbọn rí. Ẹ ò mọ ẹnì kankan ní Switzerland. Ṣé torí irin àwọn òkú lẹ ṣe fẹ́ kú?”

“Fàdákà ni,” Uncle dáhùn. “Irin ló máa ń dípẹtà.”

Nígbà tó ṣe, Olúbùsọ́lá gbé àpò rẹ̀, ó lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án sí ọjọ́ yẹn, Uncle kú.

Àwọn èèyàn sọ fún Olúbùsọ́lá pé àgbà kì í bínú ọmọ lọ sọ́run. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wà níbẹ̀ nínú wọn. Ṣé ó bínú? Ṣé kò bínú? Ó ń gbé ìbéèrè yìí lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń gbé e bọ̀.

Àwọn onílé fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ ní ọjọ́ Ẹtì. Auntie Juliana, tó ń gbé lókè Uncle, sọ̀ kalẹ̀ wá bá a palẹ̀ ẹrù mọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí kúlà, wọ́n rí i pé bébà kékeré kan wà lábẹ́ mẹ́dàlì kọ̀ọ̀kan. Juliana rò pé iye owó ni. Orúkọ ni, àti ohun tí ẹni náà fi gba mẹ́dàlì. “Láńrewájú onígbàjámọ̀: ó ṣì ń gé irun mi bí ẹni pé irun wà níbẹ̀.” “Juliana: ọdún mẹ́sàn-án lókè mi, kò wọ́ àga nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí.”

“Mo wọ́ ọ,” Juliana sọ. “Ó ní láti jẹ́ pé kò sí nílé.”

Olúbùsọ́lá ń ṣí wọn lọ. Ó ṣí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò rí orúkọ ara rẹ̀. Ó wá mú èyí tó kéré jù, tó sùn sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

“Olúbùsọ́lá: ó bínú sí mi, síbẹ̀ ó fọ abọ́ kó tó lọ.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jókòó sílẹ̀.

“Auntie, mi ò rántí abọ́ kankan o.”

“Uncle rántí.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, kí omi tó dé ojú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mẹ́dàlì lọ́wọ́, ó ń gbìyànjú láti rántí. Ṣé abọ́ méjì ni, àbí mẹ́ta? Ká ní Uncle wà níbẹ̀, ì bá ti sọ iye rẹ̀ fún un, ì bá sì ti ní kó má gbàgbé láti ka ìkòkò mọ́ ọn.