Aago Awakọ̀ Òfuurufú àti Ọwọ́ Ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì ń ra kòkó ní Oǹdó, bí wọ́n ṣe ń ká ọwọ́ agbádá sókè nìkan tó ìran wò. Wọn kì í ká a lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fà á díẹ̀, wọ́n á bá ẹni tó wà níwájú wọn sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á tún fà á, títí aago ọwọ́ wọn á fi yọ síta tí onítọ̀hún á sì béèrè pé irú aago wo nìyí. Ohun tí wọ́n ń dúró dè náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kòkó á dúró, ìtàn aago á bẹ̀rẹ̀.

Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ń fi owó kòkó kọ́ ilé kejì, aago ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi tiwọn rà. Kì í ṣe aago lásán o. Aago àwọn awakọ̀ òfuurufú ni, èyí tí wọ́n ṣe lókè òkun, tí ojú rẹ̀ dúdú, tí nọ́ńbà rẹ̀ funfun gbàgàdà kí ẹni tó ń wa bàálù lè rí i kà nínú òkùnkùn. Òmíràn ní aago kéékèèké mẹ́ta nínú ojú rẹ̀ àti bọ́tìnnì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ ti òkè, ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹ tún un tẹ̀, á dúró, ẹ ó sì mọ bí nǹkan ṣe pẹ́ tó. Ẹ̀gbọ́n mi fi irú rẹ̀ wọn ìwàásù àlùfáà wa rí, wọ́n sì sọ ọ́ fún bàbá náà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn kì í ra aago oníbátìrì. Wọ́n ní aago tí èèyàn pa tì tí kò bínú, irú aago bẹ́ẹ̀ kò níwà.

Èmi àbúrò wọn obìnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Màá ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bàálù wo lẹ ń wà láti Oǹdó lọ sí Ìpógun?” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Aago oníbátìrì tí mo rà ní Ọjà Ọba wà lọ́wọ́ tèmi, mo sì ka ara mi sí ọlọ́gbọ́n.

Lọ́dún kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n. Ọ̀rọ̀ padà sí wọn lẹ́nu, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kú pátápátá. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, àwọn ọmọ wọn sì jìnnà, ni mo bá kó wọn wá sílé mi ní Àkúrẹ́ kí wọ́n lè sún mọ́ ọsíbítù. Báàgì aṣọ kan ni wọ́n gbé wá, àti àpótí onígi tí àwọn aago náà wà nínú rẹ̀. Orí itan wọn ni àpótí yẹn wà títí a fi dé.

Ọwọ́ yìí ló ń dùn wọ́n lọ́kàn. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Báwo ni ẹni tó ti fi ọwọ́ ọ̀tún bọ gbogbo àgbẹ̀ ilẹ̀ Oǹdó lọ́wọ́ yóò wá máa na òsì sí àlejò? Ni wọ́n bá kọ àlejò. Bí mo bá ní ẹnì kan ń bẹ níta, wọ́n á ní kí n sọ pé àwọn ń sùn. Èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, wọn ò sì jẹ́ fi òsì gba ṣíbí. Obìnrin tó ń wá na iṣan wọn láti ọsíbítù fún wọn ní bọ́ọ̀lù rọ́bà pé kí wọ́n máa fún un mọ́wọ́, ó ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wọ́n wo bọ́ọ̀lù náà, wọ́n wo obìnrin náà, wọ́n ní kó gbé e fún ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé bí ọwọ́ yìí kò bá ríṣẹ́ ṣe láìpẹ́, bó ṣe máa wà nìyẹn. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Kí inú wọn lè dùn, mo kọ́ bí a ṣe ń wáìn aago, nítorí bí a kò bá wáìn wọn fún bí ọjọ́ méjì, wọ́n á kú. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, màá ṣí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, màá máa yí orí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn aago náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi á sì máa darí mi látorí bẹ́ẹ̀dì. “Rọra. Ó ti kún, má fipá mú un.” Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Mo rí ẹ̀yìn aago tí wọ́n fi gíláàsì bò, tí àwọn irin wẹ́wẹ́ ń mí nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ìgbéraga ló ń mú ẹ̀gbọ́n mi ká ọwọ́ agbádá sókè. Ìyanu ló ń ṣe wọ́n, wọn ò sì fẹ́ dá a jẹ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀kan tó burẹ́wà, tó tóbi, tí orí tí wọ́n fi ń wáìn ín yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀kùrọ́ kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi ní òtútù máa ń mú àwọn awakọ̀ òfuurufú ayé àtijọ́ lókè lọ́hùn-ún, ìbọ̀wọ́ nínípọn ni wọ́n ń wọ̀, ni àwọn tó ń ṣe aago bá ṣe orí rẹ̀ ńlá kí ìka tí kò mọ nǹkan kan lè rí i mú. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ni wọ́n ń wò bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. N kò fiyè sí i.

Mo wá lọ sí ìsìnkú kan ní Oǹdó, láti Ọjọ́bọ̀ di Ọjọ́ Àìkú. Aládùúgbò mi obìnrin ló ń tọ́jú wọn, kò sì mọ nǹkan kan nípa aago. Nígbà tí mo dé, mo ṣí àpótí kí n tó bọ́ gèlè. Gbogbo wọn ti kú, àfi olórí ńlá yẹn nìkan tó ń lọ geerege. Mo bi aládùúgbò mi, ó ní òun ò fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ń wò mí.

Wọ́n ní kí n gbé e wá. Wọ́n fi òsì di aago náà mú, wọ́n wá gbé ọ̀tún bọ̀, àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀. Ó yọ̀. Wọ́n tún gbé e bọ̀, ó tún yọ̀. Òógùn bo iwájú orí wọn. Mo na ọwọ́ láti ràn wọ́n lọ́wọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. “Fi í sílẹ̀,” wọ́n ní. “O ti ń bá mi ṣe é tipẹ́, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi ń sùn.” Orí aago náà dún kẹ́rẹ́, ó yí. Wọ́n wá fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn na aago sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ẹkún sì gbọ̀n mí. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ní kí n jẹ́ kí àlejò wọlé.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sì ti padà sí Oǹdó. Ọwọ́ náà kò padà tán, ṣùgbọ́n ó ń bọ èèyàn lọ́wọ́. Wọ́n ti pín àwọn aago yòókù fún àwọn ọmọ wọn, ó ku olórí ńlá yìí nìkan. Nígbà tí mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí, mo bi wọ́n ta ni yóò jogún rẹ̀. Wọ́n wáìn ín tán, wọn ò kánjú, kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

“Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ kọṣẹ́ nínú yín ni.”

Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ́jọ́ orí, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n tún wáìn ín wò lẹ́ẹ̀kan, kí ọwọ́ mi lè mọ̀ ọ́n sílẹ̀.