Igi tí Wọn Ò Fi Ọ̀dà Pupa Sí

Iṣẹ́ igi gbígbá ni àbúrò màmá mi ń bá ìjọba ìlú ṣe. Á fi òòlù gbá ìdí igi, á tẹ́tí sí i. Bó bá dún bí àpótí òfìfo, inú rẹ̀ ti jẹrà nìyẹn. Á fi ọ̀dà pupa sí i, àwọn agégi á sì dé lọ́jọ́ kejì. Kì í kun igi láìkọ́kọ́ gbá a. Ìkà-Igi làwọn ará àdúgbò ń pè é. Wọn ò wo ti mẹ́ta tó ń gbìn dípò ẹyọ kan, wọn ò sì bi ara wọn pé kí ló jẹ́ kí àgbàrá yé wọlé wa.

Ọjọ́ tó kan igi ẹ̀yìnkùlé wa, ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Ẹ̀gbọ́n mi, igi yìí ti kú sínú. Bó bá wó, ó lè pa yín."

Màmá mi ń ká aṣọ lórí okùn, kò tiẹ̀ wò ó. "Baba wa ló gbìn ín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Fi sílẹ̀."

Láti ọgbọ̀n ọdún, àbúrò màmá mi ò purọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ náà, ó kọ ọ́ pé ara igi náà le. Mo rí i, mi ò sì sọ nǹkan kan. Ó ń dùn mí di òní.

Láràárọ̀ ló wá ń yà gbá a. Olú funfun hù yí ìdí rẹ̀ ká. Àwọn ẹyẹ kó kúrò lórí rẹ̀. Màmá mi ní òun ò rí nǹkan kan. Orí kunkun, àjogúnbá ni nílé wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú. Àbúrò màmá mi sáré wọlé pẹ̀lú agolo ọ̀dà pupa.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa kùn ún lónìí."

Ó kọjá sẹ́yìnkùlé, ìjì sì bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ òòlù lẹ́ẹ̀kan. Mi ò gbọ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn tó ń pè é ní Ìkà-Igi ló gbé ayùn wá láti gbé òkú rẹ̀ jáde lábẹ́ igi náà.

Ọwọ́ mi ni òòlù wà báyìí. Màmá mi ló ń gbé ọ̀dà tẹ̀ lé mi. Lánàá, a gbá igi iwájú ilé ìwé, ó dún bí àpótí òfìfo. Baba kan ń bẹ̀ mí pé kí n fi sílẹ̀, abẹ́ rẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣeré. Kí n tó dá a lóhùn, màmá mi ti ki ọwọ́ bọ ọ̀dà.