Ọ̀nà Tí Òròmọdìẹ Là Kọjá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì ìlọṣọ ìyá mi lọ, rélùwéè ni wọ́n ń pe irọ́ ní àdúgbò wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ọmọdé bá ní òun ti wẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì funfun báláú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní, "Rélùwéè lò ń pa yẹn." Bàbá mi ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì ń dùn mí wọra.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni Bàámi ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Gáàdì ni, ẹni tó ń fọn fèrè, tó ń ju àsíá kí ọkọ̀ tó gbéra. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó wa wá sílé, irin rélùwéè kò sì dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ àgbà àdúgbò wa kò fojú kan ọkọ̀ náà rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, níwájú ṣọ́ọ̀bù bàbá télọ̀ tó dojú kọ ilé wa, Bàámi ní òun a máa rìn láti kóòṣì ẹ̀yìn pátápátá dé ti iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré lọ. Kóòṣì ni àwọn ilé gígùn tí èrò ń jókòó sí. Ó ní ọ̀nà kan wà láàárín kóòṣì kan sí èkejì, tí wọ́n fi aṣọ nípọn yí ká, tó ká léraléra bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, tó ń nà tó sì ń súnkì bí ọkọ̀ bá ti ń yí.

Bàbá télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi tu abẹ́rẹ́ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ilé méjì ń sáré, ìwọ ń tinú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì? Gáàdì, bá wa pa òmíràn!"

Ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà? Ẹ̀rín náà ràn, ọ̀rọ̀ náà sì di àṣà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Bàámi kò jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń dá jókòó sí, òun àti àsíá rẹ̀ tó ti ṣá, ẹni tí gbogbo ọkọ̀ ń dúró dè kó tó gbéra tẹ́lẹ̀.

N kò lè fara dà á. Mo ní, "Bàámi, ẹ jẹ́ ká kan ọkọ̀ náà, kí wọ́n fojú ara wọn rí i." Kó tó dáhùn, mo ti sáré lọ bá bàbá télọ̀, mo ní kó wá sí àgbàlá wa ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹnu mi kò ní ìjánu nígbà yẹn, kò sì ní in títí dòní. Bàámi wò mí, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "O ti dájọ́ náà ná. Ó dáa, lọ wá páálí."

Páálí bàtà mẹ́ta la fi ṣe kóòṣì, a gé fèrèsé sí wọn lára. Igi roboto tí òwú ìránṣọ máa ń wà lára rẹ̀ la fi ṣe táyà. Ọwọ́ bàbá télọ̀ fúnra rẹ̀ ni mo ti tọrọ wọn, ó sì fún mi tẹ̀ríntẹ̀rín, kò mọ̀ pé òun ń bá wa kan ọkọ̀. Ọparun oko ìyá ìyá mi ní Ìbefùn la là tẹ́ẹ́rẹ́, tí Bàámi fi iná tẹ̀ kó lè yí kọ́nà, ìyẹn ló di irin.

Ọ̀nà àárín ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kó fi sílẹ̀ fún mi. Mo mú aṣọ funfun, mo ká a síwá sẹ́yìn, mo sì rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì. Ẹ mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Bí aṣọ ìyá mi kò bá lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, kò tíì tó wọ̀ lọ sóde. Mo lọ̀ ọ́ títí ó fi gan pọ́n-ún, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kóòṣì tọ̀tún-tòsì. Ó rẹwà lójú mi ju ẹ̀gbà ọrùn lọ. Bí a ti fà á dé kọ́nà báyìí, kóòṣì àárín gbé ẹsẹ̀ kan sókè bí ajá tó fẹ́ tọ̀, ó sì dà wó. A gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹta, ó wó lẹ́ẹ̀mẹta. Bàámi kò bá mi wí, èyí gan-an ló pa mí lẹ́kún.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo wọ gáùn tí ìyá mi ti fi sítáàṣì pa sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí wọ́n ní ká kúnlẹ̀, èmi tẹ̀, gáùn kò tẹ̀. Ó ta gbọn-ọn níwájú mi, ó sì ti ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rín pa mí láàárín àdúrà, nítorí mo ti rí ohun tó ń wó ọkọ̀ wa: sítáàṣì ni, aṣọ tó gan kò lè tẹ̀ ní kọ́nà. Ìyá mi já mi léèékánná, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n lára.

Bí a ti délé, mo tọrọ ìró rẹ̀ kan tó ti gbó, tí ìfọ̀ ti sọ di múlọ́múlọ́. Kò sí sítáàṣì, bẹ́ẹ̀ ni n kò lọ̀ ọ́. Inú Bàámi dùn, ó ní, "Má wulẹ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀. Jẹ́ kí kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní aṣọ tirẹ̀, kí aṣọ méjèèjì kàn fẹnu kẹnu láàárín." Mo fi wáyà ṣe etí ẹnu kọ̀ọ̀kan, mo fi àbẹ́là pa á kó lè máa yọ̀ lára èkejì, a sì fi okùn so kóòṣì pọ̀ nísàlẹ̀.

Ọjọ́ Sátidé pé, àgbàlá wa kún. Bàbá télọ̀ gbé àga tirẹ̀ wá. Ó wo ọkọ̀ náà yíká, ó ní, "Mo rí ọkọ̀. Èrò tó fẹ́ gbà á kọjá dà?"

Mo ti ń retí ìbéèrè yẹn. Mo gbé òròmọdìẹ kan sínú kóòṣì ẹ̀yìn, mo sì da èérún àgbàdo sí ti iwájú. Bàámi fọn fèrè, ó ń rọra fi okùn fa ọkọ̀ lọ. Òròmọdìẹ gba ọ̀nà àkọ́kọ́ kọjá wọ́ọ́rọ́, a ń rí i lójú fèrèsé. Bó ti dé ẹnu ọ̀nà kejì, ọkọ̀ dé kọ́nà, òròmọdìẹ sì dúró. Aṣọ apá kan nà, ti apá kejì ká jọ, ẹnu méjèèjì yọ̀ lára wọn, àmọ́ àlàfo kankan kò yọ. Òròmọdìẹ ṣá aṣọ náà jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbẹ́sẹ̀, ó kọjá. Kí ọkọ̀ tó dúró, ó ti yọrí lẹ́nu ọ̀nà iwájú, ó ń ké síyọ̀síyọ̀!

Ariwo ta! Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á lé e bá. Bàbá télọ̀ dìde, ó ṣí fìlà, ó ní, "Gáàdì, mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, padà wá jókòó sọ́dọ̀ wa." Bàámi ju àsíá rẹ̀, bí ìgbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, omi sì wà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti yí padà ládùúgbò wa. Bí ènìyàn bá fẹ́ búra pé òótọ́ lòun ń sọ, á ní, "Rélùwéè ni!"

Ayé ti yí. Lóde òní, bí ẹnikẹ́ni bá jiyàn, fóònù lẹ ó yọ, ẹ ó fi fọ́tò hàn án, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò sẹ́ni tó ń gbé páálí àti ìró gbígbó kalẹ̀ mọ́ nítorí orúkọ bàbá rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi fi ọkọ̀ ojú irin gbé mi láti Èkó lọ sí Ìbàdàn. Nígbà tó ń sáré, mo dìde, mo rìn lọ sí ọ̀nà àárín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ ó ṣubú!" N kò dá a lóhùn. Mo fi ẹsẹ̀ kan lé kóòṣì kan, mo fi ẹsẹ̀ kejì lé kóòṣì kejì. Ọkọ̀ yí kọ́nà, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ mi kan nà, èkejì sì ká jọ. Mo kígbe sókè pé, "Rélùwéè ni!" Gbogbo èrò yíjú wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Wọn kò mọ̀ pé Bàámi ni mo ń dá lóhùn.