Bóyá Tí Rogatien Gbé Mì

Láti ọjọ́ tí Rogatien ti gbọ́ ohun tí Gildas ṣe, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Gildas fi alùpùpù rẹ̀, èyí tó fi ń gbé èrò láti Ikpinlè lọ sí Pobè, ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú Abọ́dúndé ará Kpoulou. Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bénin bá borí lọ́jọ́ Àìkú, abo ẹlẹ́dẹ̀ Abọ́dúndé àti gbogbo ọmọ rẹ̀ di ti Gildas. Bí Bénin ò bá borí, alùpùpù lọ nìyẹn, iṣẹ́ Gildas sì bá a lọ.

"Kí ló kàn yín níbẹ̀, Bàbá Ẹniọlá?" ni Mosúnmọ́lá, ìyàwó Rogatien, bi í. "Ṣé alùpùpù yín ni?"

Rogatien mú ọkọ́ rẹ̀, ó kọrí sóko. Òun gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn.

Àgbẹ̀ ni, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn. Ṣùgbọ́n ó ti lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì fún ọdún díẹ̀, Faransé sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ẹni pàtàkì lábẹ́ páànù Ìyábùnmi, obìnrin tó ń ta ọtí, tó gbé tẹlifísọ̀n kalẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀ràn inú tẹlifísọ̀n á jókòó yí tábìlì ká, wọ́n á máa fi Faransé sọ ẹni tí yóò borí, pàápàá ọ̀kan tó máa ń wọ gíláàsì. Gbogbo ojú á yí sí Rogatien: "Kí ló wí?" Á sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè ilé.

Kò pẹ́ tó fi rí i pé àwọn ọkùnrin yẹn kì í sọ̀rọ̀ kan délẹ̀. "Bóyá" ni, "bí ara wọn bá le" ni, "kò dájú" ni. Bó bá túmọ̀ "bóyá" fún àwọn èèyàn, wọn á pòṣé, wọn á ní kí ni ọkùnrin náà ń ṣe nínú tẹlifísọ̀n bí kò bá mọ̀. Rogatien bẹ̀rẹ̀ sí í gbé "bóyá" mì. Inú gbogbo wọn dùn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì yẹ̀, onígíláàsì inú tẹlifísọ̀n ni wọ́n ń bú, ẹnikẹ́ni kì í wo ojú Rogatien.

Nígbà tó wá kan Bénin, onígíláàsì ní kò dájú pé wọ́n lè borí, nítorí ẹsẹ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn wọn wúwo. Rogatien wo àwọn tó yí i ká. Ó ní, "Ó ní Bénin yóò nà wọ́n bolẹ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Gildas wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn mísà, abẹ́ páànù kún fọ́fọ́. Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wà lórí tábìlì láàárín Gildas àti Abọ́dúndé. Bí àṣà ibẹ̀ ṣe rí, ẹni tó bá ta tẹ́tẹ́ ṣì lè mú ohun tirẹ̀ kí fèrè tó dún.

"Mo ti ń ronú ọ̀dà tí màá fi kùn ún," ni Abọ́dúndé wí.

"Kọ́kọ́ lọ dágbére fún ẹlẹ́dẹ̀ ẹ," ni Gildas fèsì.

Onígíláàsì yọjú, ó sọ̀rọ̀. Gbogbo wọn yí sí Rogatien.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wí?"

Rogatien dìde, ó kọjú sí Gildas.

"Ó ní kò dájú pé Bénin lè borí. Ohun tó sọ lọ́jọ́sí náà nìyẹn. Èmi ni mo yí i padà. Gildas, mú kọ́kọ́rọ́ ẹ."

Gildas na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà.

"Tí kì í bá ṣe òun ló sọ pé a máa nà wọ́n, a jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ sọ ọ́?"

"Ẹnu lásán ni. Mi ò mọ nǹkan kan."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́," Gildas tún wí, ó sì fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Fèrè dún.

Rogatien kò wo bọ́ọ̀lù náà, kọ́kọ́rọ́ ló ń wò. Nígbà tí góòlù wọ ilé Bénin, Abọ́dúndé fi ìka kan fa kọ́kọ́rọ́ náà sún mọ́ra. Rogatien jáde lọ bì lẹ́yìn páànù. Ibẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí tó fi gbọ́ ariwo ńlá kan, tó tún pẹ́ títí, tó fi gbọ́ èkejì. Bénin borí.

Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló gbọ́ alùpùpù lẹ́bàá oko rẹ̀. Gildas ló ń wà á, Abọ́dúndé sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́," ni Abọ́dúndé wí. "Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi ti lọ, kò burú. Bénin tún ń gbá bọ́ọ̀lù láìpẹ́. Kí lẹ rí?"

Rogatien ń roko lọ. "Ẹ lọ gbọ́ ti tẹlifísọ̀n."

"Onígíláàsì yẹn?" Gildas bú sẹ́rìn-ín. "Tó ní a ò lè borí?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kò dájú."

"Ẹ̀yin ló dá lójú."

Rogatien ju ọkọ́ sílẹ̀. "Bóyá wọ́n á borí, bóyá wọn ò ní borí. Mi ò mọ̀."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Ẹ̀gbọ́n ti rí i," Gildas wí fún Abọ́dúndé, "wọn ò kàn fẹ́ sọ ọ́ ni." Ó ṣáná sí alùpùpù, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà Kpoulou, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de ohun tí Rogatien bá wí.

Rogatien sáré tẹ̀ lé wọn láàárín àgbàdo, ó ń pariwo pé bóyá lòun wí, bóyá. Ariwo alùpùpù gbé e mì.