Àlàfo tí Àǹtí Jẹ́jẹ́ fi sílẹ̀ fún omi

Táńkà omi ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ń wà. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń wà á, kò sì tíì fi kan ògiri ẹnikẹ́ni rí. Àǹtí Jẹ́jẹ́ là ń pè é nílé, torí bó bá ń wakọ̀ lọ, ìgbín lè yà á sílẹ̀ kó sì tún kí i pé ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Ó mọ̀, ó sì ń wá ọjọ́ tí yóò san án padà.

Òfin kan ṣoṣo ló ní: kí táńkà kún, tàbí kó gbẹ. Kò gbọdọ̀ wà ní ìdajì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó gbé ìgò omi méjì fún mi, ọ̀kan kún dé ọrùn, èkejì dé ìdajì, ó ní kí n mì wọ́n. Èyí tó kún dákẹ́. Omi inú èkejì ń gbá síwá sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé.

"Ṣebí wọ́n ní àgbá òfìfo ló ń pariwo, Àǹtí."

"Òfìfo ò ṣe nǹkan kan. Onídajì ni kí o sá fún. Ìwọ tóo ka ìwé físíìsì dé àárín tóo pa á dé, ṣé o ò gbọ́ bóo ṣe ń dún ni?"

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan tí mo bá a lọ síbi iṣẹ́, òfin náà yẹ̀. Ilé búrẹ́dì tó wà lórí òkè ló fẹ́ gba gbogbo omi wa, àmọ́ ìdajì péré ni àgbá wọn gbà. Bí a ṣe ń ká rọ́bà omi ni fóònù dún. Agbẹ̀bí ilé ìwòsàn tó wà nísàlẹ̀ òkè ni. Ẹ̀rọ omi wọn ti bàjẹ́, obìnrin méjì ń rọbí, kò sí omi tí wọ́n lè fi fọ ọwọ́. Bí a bá padà lọ rọ omi kún, wákàtí méjì ni.

Àǹtí wo táńkà, ó wo ọ̀nà. Òkúta wẹ́wẹ́ ni látòkè délẹ̀.

"Wọlé, kóo de bẹ́líìtì."

Jíà kìíní la fi sọ̀ kalẹ̀. Dípò kí n yọ ọ́ lẹ́nu, mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú.

"Tí mo bá tẹ bíréèkì, táyà á gbọ́, omi ò ní gbọ́," ó ní, kò wojú mi. "Ohun tó bá ti ń lọ, lílọ ló fẹ́ máa lọ, àyàfi tí nǹkan bá dá a dúró. Ògiri iwájú táńkà ló máa dá omi yẹn dúró. Èmi àti ìwọ la sì jókòó síwájú ògiri ọ̀hún."

Àárín òkè la wà tí a fi rí káfíńtà kan tó páàkì ọkọ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà, tó ń so pákó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà. Ibi tó jìnnà, bí ìwọ̀n ọkọ̀ mẹ́ta sí i, ni Àǹtí ti dúró. Káfíńtà yíjú, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ súnmọ́ wa díẹ̀. Èèyàn lè kọ́ ilé sáàárín wa."

"Kúrò níbẹ̀, ọ̀gá."

Omi gbá ògiri. Táyà ti dúró gbọn-in, síbẹ̀ ọkọ̀ yọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó lọ. Ó dúró. Mo gbọ́ tí omi padà sẹ́yìn.

"Ó tún ń bọ̀," Àǹtí ní.

Káfíńtà ju okùn sílẹ̀, ó bẹ́ sínú kòtò. Omi tún tì wá. Pákó ń tóbi sí i lójú mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò lágbára mọ́. Nígbà tí ohun gbogbo parọ́rọ́, orí pákó ò jìnnà ju gígùn apá kan lọ sí gíláàsì iwájú wa.

Káfíńtà jáde nínú kòtò, kò sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ mọ́. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò.

Nílé ìwòsàn, agbẹ̀bí fúnra rẹ̀ ló fa rọ́bà wọlé. Omi ń ṣàn, Àǹtí ṣì di sítíárìn mú. Èmi ni mo tú ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n gbé omi mímu wá. Ìgò onídajì yẹn, tó ṣì wà nínú ọkọ̀, ni mo gbé fún un. Ó mu ún tán, ó dojú ìgò délẹ̀.

"Ó ti gbẹ. A lè máa lọ báyìí, Ìdajì."

Orúkọ tí gbogbo ilé ń pè mí nìyẹn títí dòní.